Orí Kẹfà: Àgò Lẹ́nu Ọ̀gbun

Ẹni tó bá dúró lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ olókùúta tó wà ní ààlà ìpínlẹ̀ Utah àti Arizona, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, lè wo iwájú wo ẹ̀yìn kó má rí ju iyanrìn pupa, igbó ṣákálá àti òkè tó jìnnà réré lọ. Àfi tó bá sún mọ́ ọn ni yóò tó rí i pé ilẹ̀ ti là. Ẹnu ibi tó là náà lè má fẹ̀ ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá, síbẹ̀ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn tó ilé alájà mẹ́wàá. Irú ibi báyìí ni à ń pè ní ọ̀gbun tóóró nínú orí yìí. Ògiri wọn pupa, ó ń dán, ó sì ń yí kọ́lọkọ̀lọ débi pé ẹni tó wà nínú wọn kì í rí ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ níwájú. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ lọ́sàn-án gangan ni oòrùn fi ń kan ìsàlẹ̀.

Ẹwà yìí ló ń mú kí àwọn ènìyàn máa ti ọ̀nà jíjìn wá. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti wọ̀ wọ́n, ẹni tí a ti ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, àti gbèsè tí ẹni tó wọlé jẹ àwọn tó kù. Àwọn tó kù yìí kì í ṣe onílẹ̀ nìkan. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wà lára wọn, àwọn ẹ̀dá tó fi inú ọ̀gbun ṣe ilé wà lára wọn, àwọn tí yóò wá gbé wa jáde bí a bá há síbẹ̀ náà ń bẹ lára wọn. Èrò tí a óò rọ̀ mọ́ ni pé ìwé àṣẹ lè ṣílẹ̀kùn fún ni, ṣùgbọ́n kò lè bá ni ronú.

Omi ló gbẹ́ ẹ, omi kò sì tíì lọ

Ó lé ní 180 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ń kó iyanrìn jọ ní òkìtì òkìtì ní agbègbè yìí. Iyanrìn náà dì, ó di òkúta, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sì sọ ọ́ ní òkúta iyanrìn Navajo. Nígbà tó pẹ́, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ gbéra sókè, òkúta ya ní ọ̀pọ̀ ibi, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ibi tó ya.

Kì í ṣe odò tó ń ṣàn lójoojúmọ́ ló ṣe iṣẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gbun tóóró máa ń gbẹ táútáú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àgbàrá ló gbẹ́ wọn. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, òjò máa ń ṣú lọ́sàn-án, á sì rọ̀ tagbáratagbára sí ojú kan. Òkúta gbalaja ni ilẹ̀ ibẹ̀: kò sí ewéko tó tó láti dá omi dúró, erùpẹ̀ tí yóò mu ún kò sì tó nǹkan. Omi tó bọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà á wá forí lé ihò kan ṣoṣo tí ènìyàn lè na apá méjèèjì kan ògiri rẹ̀. Á gbé iyanrìn, òkúta àti igi dání, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni yóò sì máa họ ògiri bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Ní Buckskin Gulch, tó wà lára àwọn ọ̀gbun tóóró tó gùn jù lágbàáyé, tó sì lé ní kìlómítà 20, ẹni tó bá gbójú sókè yóò rí ìtì igi tó há sáàárín ògiri méjèèjì, níbi tó ga ju orí rẹ̀ lọ dáadáa. Èèpo igi náà ti bó, koríko gbígbẹ àti ẹrẹ̀ tó ti dì ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé e gun ibẹ̀. Ibi tí omi kún dé nìyẹn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Nínú ọ̀gbun tóóró, eji a tún máa pa ẹni tí kò rí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, arìnrìn-àjò 11 kú nínú Lower Antelope Canyon, nítòsí ìlú Page ní Arizona. Púpọ̀ nínú wọn ti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Òjò tó fa ikú wọn kò rọ̀ lórí wọn tó nǹkan. Apá òkè lọ́hùn-ún, ní ọ̀nà jíjìn, ló ti rọ̀ dáadáa. Nínú àwọn tí omi náà ká mọ́ inú ọ̀gbun, amọ̀nà kan ṣoṣo ló yè. Àkàbà igi tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà bá omi lọ. Àkàbà irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta ló wà níbẹ̀ lónìí.

Mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ, nítorí púpọ̀ nínú àwọn òfin tí àlejò ń kùn sí ló ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Ta ni onílẹ̀?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó ń wá ọ̀gbun kiri ni kí wọ́n rò pé ibi tí kò bá ti sí ilé, kò sí onílé. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Colorado tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò sí ilẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín. Apá kan wà lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè, bíi Zion. Apá kan wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ mìíràn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ ìjọba, bíi Buckskin Gulch àti odò Paria. Ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, àdáni ní tirẹ̀. Apá tó tóbi gan-an sì jẹ́ ti àwọn Navajo, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Diné. Ilẹ̀ wọn fẹ̀ ju kìlómítà onígun mẹ́rin 70,000 lọ, ó sì wọ inú ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Arizona, New Mexico àti Utah. Wọ́n ní ìjọba tiwọn, ilé aṣòfin tiwọn, ọlọ́pàá tiwọn. Ìwé àṣẹ tí ènìyàn gbà ní Zion kò wúlò níbẹ̀ rárá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin lásán ni èyí. Ní 1864, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi tipátipá lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún Diné kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Bosque Redondo ní New Mexico, ebi àti àrùn sì pa púpọ̀ nínú wọn níbẹ̀. Ọdún 1868 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó jẹ́ kí wọ́n padà sílé. Àwọn mìíràn wà tí ọwọ́ kò tẹ̀ rárá, nítorí wọ́n sá wọ inú àwọn ọ̀gbun tó yí Navajo Mountain ká. Nítorí náà, ibi tí àlejò ń fọ́nnu pé ẹnikẹ́ni kò dé rí lè jẹ́ ibi tí ìyá-ńlá ẹnì kan ti fara pa mọ́ fún ìbọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí a kágò kí a tó wọlé, kí la fẹ́ fi dá a lóhùn?

Antelope Canyon jẹ́ àpẹẹrẹ bí onílẹ̀ ṣe ń lo àṣẹ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá wọ ibẹ̀. Àfi kó tẹ̀ lé amọ̀nà tí ìjọba Navajo fún láṣẹ. Owó tí àlejò ń san ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, ojú amọ̀nà sì wà lára òfuurufú àti lára ìròyìn ojú ọjọ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, àwọn Navajo wà lára àwọn tó bà jù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ọgbà wọn pa láti oṣù Kẹta ọdún náà, Antelope Canyon kò sì ṣí títí di oṣù Keje 2021, bẹ́ẹ̀ Zion ti ń gba àlejò láti oṣù Karùn-ún 2020. Ilẹ̀kùn wọn ni, àwọn ló sì mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí.

Ẹ jẹ́ ká wo Rainbow Bridge náà, nítorí ó kọ́ni ní ohun tí ọ̀nà tó rọrùn lè fà. Afárá òkúta ni, omi ló lu ú, ó ga tó mítà 88, ó sì wà nínú ọ̀gbun kan lẹ́bàá Navajo Mountain. Ibi mímọ́ ni lójú àwọn Navajo, àwọn Hopi, àwọn Paiute àti àwọn mìíràn. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ orílẹ̀-èdè ní 1910, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun ẹṣin la ilẹ̀ líle kọjá fún ọjọ́ mélòó kan. Ní 1963, wọ́n ti ẹnu ìdídò Glen Canyon. Adágún Lake Powell bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ó bo àìmọye ọ̀gbun tóóró mọ́lẹ̀, ó sì kún títí tí omi fi dé abẹ́ afárá náà. Bí ọkọ̀ ojú omi ṣe di ohun tó ń gbé àlejò débẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn, tí wọ́n á sì ti padà kílẹ̀ tó ṣú.

Ní 1974, àwọn Navajo kan gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́: wọ́n ní omi ti bo ibi tí àwọn ti ń ṣe ẹ̀sìn, ariwo àlejò kò sì jẹ́ kí àwọn ráyè ṣe èyí tó kù. Ní 1980, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò gbè wọ́n. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, àjọ àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè wá gbé pátákó síbẹ̀, wọ́n ń bẹ àlejò pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má rìn kọjá lábẹ́ afárá náà, nítorí ọ̀wọ̀ fún àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ibi mímọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe òfin, àwọn kan tilẹ̀ pe ẹjọ́ nítorí ẹ̀bẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti dé Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo rí mọ̀ pé ibi kan náà lè jẹ́ ibi ìran wíwò fún àlejò, kó sì jẹ́ ibi àdúrà fún onílé. Lójú tèmi, ibi tí òfin ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwà wa ti ń hàn. Ẹni tí kò ní kọjá lábẹ́ afárá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè mú un ni a lè fọkàn tán nínú ọ̀gbun tí kò sí pátákó.

Ààlà ilẹ̀ ìjọba pàápàá kì í dúró sójú kan. Ààrẹ Clinton kéde Grand Staircase-Escalante ní ibi ìpamọ́ ní 1996. Ààrẹ Trump gé e kù ní 2017. Ààrẹ Biden dá a padà ní 2021. Ọ̀gbun tó wà lábẹ́ ààbò lọ́dún kan lè má sí lábẹ́ ààbò kan náà lọ́dún mìíràn, nítorí náà kí ẹni tó ń lọ máa bi ọ́fíìsì tó wà nítòsí ibẹ̀ léèrè, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé atọ́nà àtijọ́.

Kèké, iye èrò àti ohun tí ìwé àṣẹ kò lè ṣe

Nínú Zion, ẹni tó bá fẹ́ fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, àwùjọ kan kò sì gbọdọ̀ ju ènìyàn 12 lọ. Ní Paria àti Buckskin, ènìyàn 20 péré ni wọ́n ń fún láyè lójúmọ́ láti wọlé lọ sùn níbẹ̀. Ní Coyote Buttes North tó wà nítòsí, níbi tí òkúta aláwọ̀ pupa àti funfun tí wọ́n ń pè ní The Wave wà, ènìyàn 20 ni tẹ́lẹ̀; ní 2021 wọ́n sọ ọ́ di 64. Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pọ̀ ju àyè lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké.

Àwọn kan ń bínú sí kèké. Mo gbà pé ó ń dun ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá tí kèké kò mú. Ṣùgbọ́n bí àyè bá kéré, ọ̀nà mìíràn tó wà ni kí olówó rà á, tàbí kí ẹni tó lágbára jù kọ́kọ́ débẹ̀, tàbí kí gbogbo ayé ya wọ ibẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, kèké nìkan ni kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ìwé àṣẹ kò lè ṣe ni kó dá omi padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ènìyàn méje tó jọ jẹ́ ẹgbẹ́ kan wọ Keyhole Canyon nínú Zion. Ọ̀gbun kúkúrú ni, okùn ni wọ́n ń fi sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, omi tútù sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ wẹ̀ kọjá. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ wọn bó ṣe yẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ti sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe gan-an kí àgbàrá dé lọ́jọ́ náà. Wọ́n lọ, àgbàrá dé, àwọn méjèèje kú. Lọ́jọ́ kan náà, ní ìlú Hildale tí kò jìnnà síbẹ̀, àgbàrá gbé ọkọ̀ méjì tó kún fún àwọn ìyá àti àwọn ọmọ lọ.

Mi ò sọ èyí láti dá òkú lẹ́bi. Ohun tó yẹ kí a rí nínú rẹ̀ ni pé wọ́n tẹ̀ lé òfin láìkù síbì kan. Ẹni tó ti dúró de ìwé àṣẹ fún oṣù mélòó kan, tó ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú, tó ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣòro fún un láti wo ojú ọ̀run kó sì ní òun kò lọ mọ́. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ á máa tì í lọ. Zion máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbàwé pé ààbò rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ní The Narrows, níbi tí àwọn èrò ti ń rìn nínú odò Virgin, ọgbà náà máa ń ti ọ̀nà nígbà tí omi tó ń ṣàn bá ju nǹkan bí lítà 4,200 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gbun inú igbó pọ̀ ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè máa dúró tì lọ. Nínú àwọn yẹn, ẹni tó ń lọ ni ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wo òkè orí rẹ̀ nìkan. Gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ ọ̀gbun náà ló yẹ kó mọ bí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe rí. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá ní òjò lè rọ̀ níbẹ̀, kó padà sílé.

Ọ̀ràn Aron Ralston ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2003, ó dá wọ Bluejohn Canyon ní Utah. Òkúta kan yẹ̀ lójijì, ó sì fún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Wákàtí 127 ló lò níbẹ̀ kó tó gé ọwọ́ ara rẹ̀, tó fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta gíga kan, tó sì rìn títí tó fi pàdé àwọn èrò. Ayé mọ ìtàn náà nítorí fíìmù tó jáde ní 2010, púpọ̀ sì ń yìn ín fún ìgboyà rẹ̀. Ìgboyà náà kò ṣeé sẹ́. Àmọ́ ìwé pélébé kan tó sọ orúkọ ọ̀gbun náà àti ọjọ́ tó fẹ́ padà, tí ó bá fi sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́, ì bá ti mú kí àwọn awákiri mọ ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ dé. Ní Utah, ọ́fíìsì ọ̀gá ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ló ń darí iṣẹ́ ìwákiri, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì ń bá wọn ṣe é jẹ́ ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá há, àwọn ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun kan náà lóru. Ẹ̀mí wọn wà lára ohun tó yẹ kí a rò kí a tó wọlé.

Ohun tí ẹsẹ̀ àti okùn ń ṣe

Òkúta iyanrìn rọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Nígbà tí ènìyàn bá ti fi okùn sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ní láti fa okùn náà wálẹ̀ kó lè lò ó níwájú. Okùn tó ti gbé iyanrìn á máa rẹ́ etí àpáta bó ṣe ń kọjá. Ẹni kan kò ní rí ohun tó ṣe. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, etí àpáta yẹn á ní ojú ipa mẹ́ta, mẹ́rin, tó jìn tó ìka ọwọ́, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì há sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀jáfáfá fi ń na ìgbànú tí wọ́n so okùn mọ́ kọjá etí àpáta, kí okùn má bàa fara kan òkúta. Àwọn kan ti ń lo àpò tí wọ́n ń rọ iyanrìn sí láti fi ṣe ìdákọ̀ró; bí ẹni ìkẹyìn bá ti sọ̀ kalẹ̀, á fa okùn kan, iyanrìn á dà sílẹ̀, àpò á sì wálẹ̀ láìsí ohunkóhun tó kù lókè. Ó gba ìmọ̀ àti ìdánrawò tó gún régé, kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ nínú ọ̀gbun. Lílu ìṣó mọ́ àpáta níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀ jẹ́ ohun tó yẹ kí a sá fún, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu àpáta sì jẹ́ èèwọ̀ nínú Zion. Lẹ́yìn òjò, òkúta náà a máa rọ̀ sí i, a sì máa ya lọ́wọ́. Ká fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ń kó ìtìjú bá àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fò ó. Nínú igbó lásán, a lè gbẹ́lẹ̀ kí a sì bò ó. Nínú ọ̀gbun tóóró, kò sí ilẹ̀ láti gbẹ́. Òkúta ló wà nísàlẹ̀, òkúta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí omi yóò gbà sì ni gbogbo rẹ̀. Ní Paria, òfin ni pé kí olúkúlùkù gbé ìgbẹ́ rẹ̀ jáde nínú àpò tí wọ́n ṣe fún un. Kò dùn ún gbé. Ẹni tó bá mu omi nísàlẹ̀ yóò dúpẹ́.

Ẹ wo àwọn kòtò omi kéékèèké tó wà lórí àpáta. Omi inú wọn lè má tó garawa kan, kó sì dà bíi pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ṣe sùúrù. Ẹ óò rí edé wẹ́wẹ́ tí ara wọn mọ́ gaara, tí wọ́n ń fẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí kòtò náà bá gbẹ, wọ́n á kú, ṣùgbọ́n ẹyin wọn á wà nínú erùpẹ̀ gbígbẹ, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí òjò yóò fi tún rọ̀. Ìpara tí a fi ń dènà oòrùn, tó bọ́ sínú omi láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, lè ba gbogbo ayé wọn jẹ́. Bákan náà ni èépá dúdú tó wú lórí iyanrìn ní ìta ọ̀gbun: àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò rí ló so iyanrìn pọ̀ bẹ́ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ẹsẹ̀ kan lè fọ́ ọ, yóò sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, orí òkúta tàbí ojú ibi tí omi ń gbà ni ká máa tẹ̀. Irú òwìwí kan tún wà, tí ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ní 1993, tó fẹ́ràn láti pamọ sínú àwọn ọ̀gbun tútù wọ̀nyí. Ariwo wa ń lé e kúrò lórí ẹyin.

Ohun àwọn ará ìṣáájú

Níbi púpọ̀, lábẹ́ ibòji àpáta, a ń bá àká kékeré tí wọ́n fi òkúta àti amọ̀ mọ, tí ìka ẹni tó mọ ọ́n ṣì hàn lára amọ̀ náà. A ń bá ìṣùkù àgbàdo, àpáàdì, àwòrán ọwọ́ lára ògiri. Àwọn baba ńlá àwọn Hopi, àwọn Zuni àti àwọn mìíràn ló ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn kò sì gbà pé ibẹ̀ ti di ahoro. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1979 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kó tàbí láti ba irú ohun bẹ́ẹ̀ jẹ́ lórí ilẹ̀ ìjọba àti lórí ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, bó bá ti lé ní 100 ọdún. Ẹni tó bá ṣẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ lè san owó ìtanràn tó tó 10,000 dọ́là, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ká má fọwọ́ kan àwòrán, ká má wọ inú àká, ká má ṣa àpáàdì jọ sórí òkúta kan fún àlejò tó ń bọ̀ wá wò. Kíkọ orúkọ ara ẹni sára ògiri ń pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, òkúta kò sì ní ibi tí yóò ti rí awọ mìíràn hù.

Ṣé ká sọ ọ̀nà ibẹ̀ fáráyé?

Àwọn tó mọ ọ̀gbun ń jà lórí èyí ju ohun mìíràn lọ. Ní 1986, Michael Kelsey tẹ ìwé kan jáde tó fi ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọ̀gbun pẹ̀tẹ́lẹ̀ Colorado han aráyé, àwọn tó ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì dunnú sí i. Lónìí, fọ́tò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí fóònù kọ ojúkò ibẹ̀ gan-an sí, ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé kò lè ṣe ní ọdún mẹ́wàá.

Ẹ wo Peek-a-boo àti Spooky ní Escalante. Ọ̀nà eléruku ló lọ síbẹ̀, ìrìn ibẹ̀ kò sì pọ̀, kò gba okùn. Spooky há débi pé ní ibì kan kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Ènìyàn gbọ́dọ̀ bọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ rìn, kí àyà rẹ̀ máa ra ògiri. Bí àwùjọ tó ń gòkè bá pàdé àwùjọ tó ń sọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè yà fún ẹnìkejì. Àṣà tó wá fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn èrò ni pé kí wọ́n gba Peek-a-boo gòkè, kí wọ́n sì gba Spooky sọ̀. Kò sí ọlọ́pàá tó ń dúró síbẹ̀ láti mú un ṣẹ.

Àwọn kan ní kí a pa orúkọ gbogbo ọ̀gbun mọ́. Mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Àṣírí máa ń dáàbò bo àǹfààní àwọn tó ti mọ ibẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ àwọn tó lówó àti àkókò, ó sì ń ti ọmọ ilé-ìwé tí kò ní ojúlùmọ̀ mọ́ta. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyàtọ̀ láàárín kí a sọ fún ẹnì kan bí yóò ṣe múra àti kí a ju ojúkò ibi àká àtijọ́ tàbí ìtẹ́ òwìwí sí àárín ọjà. Ní 2018, ẹgbẹ́ Leave No Trace gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n rò ó dáadáa kí wọ́n tó fi ojúkò gan-an sára fọ́tò. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni pé níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ ti àwọn Navajo tàbí ti àwọn mìíràn tó ní i, ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ àwa tó ya fọ́tò. Bí wọ́n bá ní kí a má fi hàn, a kò gbọdọ̀ fi hàn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ wá àwòrán ilẹ̀ Buckskin Gulch àti odò Paria, kí ẹ fi ìlà yí gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ Buckskin ká. Ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí tí ojú ọjọ́ tó mọ́ lẹ́nu ọ̀gbun kò fi tó láti gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ pín kíláàsì sí méjì lórí ọ̀rọ̀ Rainbow Bridge. Kí apá kan sọ̀rọ̀ fún àwọn Navajo tó pe ẹjọ́ ní 1974, kí apá kejì sọ̀rọ̀ fún àjọ tó ń bójú tó ìdídò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pààrọ̀ ẹnu, kí olúkúlùkù gbèjà ohun tó ti tako.

Ọ̀rẹ́ yín mẹ́fà ti gba ìwé àṣẹ fún ọ̀gbun kan nínú Zion ní ọjọ́ Sátidé. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ ọgbà sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí àgbàrá dé lọ́sàn-án. Mẹ́rin fẹ́ lọ, méjì kò fẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà tí ọ̀kan nínú àwọn méjì náà lè kà sí àwọn yòókù létí, kó má ju ojú ewé kan lọ.